Rédíò onífáàfù tí bàbá àgbà gbé bọ̀ láti Támálè: ṣé kí n kàn tì í bọ iná?

Àdìsá_Òkèlérìn | Sátidé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́. Òkèlérìn ni mo wà, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òrùlé wa ló ń jò, a gun òkè àjà lọ wò ó, a wá bá àpótí kan níbẹ̀. Rédíò ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ti bàbá àgbà ni. Támálè ni wọ́n ti ń tajà kí ìjọba Busia tó ní kí àlejò tí kò níwèé kó kúrò ní Gánà lóṣù kọkànlá ọdún 1969. Ohun tí wọ́n rí gbé délé kò tó nǹkan, àmọ́ wọ́n gbé rédíò yìí.

Ó wúwo. Philips ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Gíláàsì gbọọrọ kan wà níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń rìn, orúkọ ìlú òyìnbó kún ojú rẹ̀. Kónóòbù kan ti já, irin rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Láti ẹ̀yìn mo rí fáàfù onígíláàsì márùn-ún, wọn ò ju àtàǹpàkò lọ.

Ìyá àgbà (wọ́n ti lé ní 80) ní ó ń sọ̀rọ̀ geere lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e pamọ́, pé kí n kàn tì í bọ iná ká gbọ́ ìròyìn. Ìyẹn ti lé ní ogójì ọdún. Wọ́n tún sọ ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín: iná inú rédíò náà a máa gbé bàbá tí wọ́n bá fẹ́ yí i. Bó bá gbé wọn lónìí, ó lè má gbé wọn lọ́la. Bàbá gbà pé àbúrò wọn kan ló ṣe é sí wọn, torí òun náà fẹ́ràn rédíò ọ̀hún. Wọn ò rẹ́ mọ́ títí àbúrò fi kú.

Ṣé kí n tì í bọ iná?

Ọmọ_Ajílété | 7:52 alẹ́

Tì í bọ̀ ọ́ jàre, kí lò ń rò? Ẹrù àtijọ́ kì í ṣe bí ẹrù ìsinsìnyí. Bó bá sọ̀rọ̀, ó dáa. Bí kò bá sọ̀rọ̀, kí lo pàdánù?

Ọ̀gá_Léèdì | 8:30 alẹ́

Àdìsá, yọwọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Owódé l'Ọ̀yọ́ níbí ni mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe. Ọdún 1974 ni mo wọṣẹ́, onífáàfù ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá mi nígbà yẹn. Èyí tí mo rí tó kú nínú wọn, ọ̀pọ̀ ni kò kú sínú àjà. Ọjọ́ tí ẹnì kan sọ pé "ẹ jẹ́ ká kàn dán an wò" ni wọ́n kú.

Gbọ́ ìdí rẹ̀. Kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́) méjì ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Àkọ́kọ́ ni èyí tó dà bí agolo, wọ́n sábà máa ń kọ 50 + 50 µF sí i lára. Kẹ́míkà ló wà nínú rẹ̀, iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló sì ń tọ́jú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lára irin inú rẹ̀. Ogójì ọdún láìfojú kan iná, awọ yẹn ti jẹ. Bí o bá da iná ilé lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, yóò máa gbé iná mì bí ẹni pé wáyà méjì kan ara wọn, yóò gbóná, ó sì lè bú mọ́ ọ lójú. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ tipẹ́, ẹnìkan kì í ki òkèlè iyán bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ògì là ń fún un.

Ìkejì kéré, bébà tí wọ́n fi ìda bò ni. Wọ́n pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tí mo bẹ̀ ọ́ kí o wá rí: èyí tó wà láàárín fáàfù tó ń gbé ohùn sókè àti fáàfù ńlá tó ń gbé ohùn fún sípíkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ohùn kọjá, kó sì dá iná gíga dúró. Ọ̀rinrin ti wọ inú bébà yẹn, kò lè dá iná kankan dúró mọ́. Iná á wá jò sórí gíríìdì fáàfù ńlá, ìyẹn ẹnu tí ohùn ń gbà wọnú rẹ̀, fáàfù á máa mu iná bí ọ̀mùtí, àwo inú rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀yinná. Kó tó kú, á fa tíráńsífọ́mà sípíkà lọ́wọ́ lọ. Èyíinì, o ò ní rí i rà ní Sábó.

Ya fọ́tò inú rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ka ohun tí wọ́n kọ sára fáàfù kọ̀ọ̀kan fún mi.

Mo_Ń_Ra_Ẹrù_Àtijọ́ | 8:41 alẹ́

15,000 náírà lówó, bó ti wà yẹn. Má tún un ṣe o, wàá bà á jẹ́. Mo lè wá gbé e lọ́la.

Ọ̀gá_Léèdì | 8:44 alẹ́

Ìwọ náà lọ sinmi.

Àdìsá_Òkèlérìn | 9:15 alẹ́

Ẹ ṣeun sà. Mo ti ṣí i. Eku ti tẹ́ ibùsùn sí igun kan, ìwé ìròyìn tó ti fà ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ àti ìgbẹ́. Wáyà tó lọ sí púlọ́ọ̀gì, rọ́bà ara rẹ̀ ń rún bí bisikíìtì tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, bàbà inú rẹ̀ ń yọjú. Nọ́ńbà ara wọn nìyí: UCH42, UF41, UBC41, UL41, UY41. Mo nu eruku orí wọn, ohun dúdú kan tó ń dán bíi dígí ló wà lókè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àbẹ̀kẹ́_Mítà | 9:21 alẹ́

Dígí yẹn dáa. Bó bá ti funfun bí ẹfun ni, atẹ́gùn ti wọnú rẹ̀, òkú ni. Àmọ́ Àdìsá, U ni gbogbo wọn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe nǹkan kan.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn kò wà lásán. Lára fáàfù ilẹ̀ Yúróòpù, E ni èyí tí wáyà tó ń gbóná nínú rẹ̀ ń fẹ́ 6.3 V, inú rédíò tó ní tíráńsífọ́mà ló pọ̀ sí. D ni ti bátìrì. U ni àwọn tí wọ́n sín tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kan, 100 mA kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Tiyín: UCH42 ń jẹ 14 V, UF41 12.6, UBC41 14, UL41 45, UY41 31. Ẹ rò ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 117. Ìyókù iná ilé ń di ooru lásán lórí rèsísítọ̀ ńlá kan. Kò sí tíráńsífọ́mà kankan láàárín rédíò yín àti òpó iná àdúgbò.

Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì kan lọ tààrà sára ṣáásì, ìyẹn pẹpẹ irin tí gbogbo nǹkan dúró lé. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó sì ṣeé tì bọ̀ ọ́ lọ́nà méjì. Ẹ tì í báyìí, niútírà ló wà lára ṣáásì, ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára. Ẹ yí i padà, láìfù ló wà níbẹ̀. Irin kónóòbù tó já yẹn, ara ṣáásì ló so mọ́.

Àbúrò kankan ò ṣe nǹkan fún bàbá yín. Bí wọ́n bá ṣe ti púlọ́ọ̀gì lọ́jọ́ yẹn ni.

Àdìsá_Òkèlérìn | 9:26 alẹ́

Háà.

Ọmọ_Ajílété | 9:40 alẹ́

Ó dáa, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣé kó wá gbé e gba inú sitébíláísà? Àbí àwọn tíráńsífọ́mà tí wọ́n fi ń sọ 220 di 110 fún ẹrù Amẹ́ríkà?

Àbẹ̀kẹ́_Mítà | 9:58 alẹ́

Ibi tó ti ń pa èèyàn gan-an lẹ darúkọ yẹn. Sitébíláísà tó wà nílé wa, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn 220 sí 110 yẹn, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n wé sínú wọn tí wọ́n kàn yọ ẹnu mélòó kan lára rẹ̀. Iná tó wọlé àti iná tó jáde ṣì so mọ́ra. Ó lè tún iye iná ṣe, kò lè yọ yín nínú ewu ṣáásì.

Èyí tí a ń wá ni tíráńsífọ́mà tó ní wáyà méjì tí kò kan ara wọn rárá, 220 wọlé, 220 jáde, 100 VA tó. Ẹ fi mítà dán an wò kí ẹ tó sanwó: ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ gbé mítà sórí óòmù, ẹnu kan sí ibi ìwọlé, ẹnu kejì sí ibi àbájáde. Bí ó bá ka nǹkan kan, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Bí a ò bá rí i rà, a lè ra méjì tó jọra, 220 sí 24, ká so ẹnu 24 méjèèjì pọ̀ kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Iná tó bá jáde á kéré díẹ̀ sí 220. Fún rédíò àgbà, ìyẹn kò burú.

Ọ̀gá_Léèdì | 10:20 alẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ti sọ ọ́ tán. Mo fi èyí kún un: ẹnikẹ́ni má sọ pé kí o so wáyà ilẹ̀ mọ́ ṣáásì yẹn o. Ọjọ́ tí láìfù bá bọ́ síbẹ̀, wàá gbọ́ ìró rẹ̀ ní Ìlọrin.

Àdìsá_Òkèlérìn | Ọjọ́bọ̀, 6:05 alẹ́

Mo ti rí tíráńsífọ́mà 24 méjì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tú ínfátà tó ti kú. Mítà kò ka nǹkan kan láàárín wọn.

Mo tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí gíláàsì iwájú rẹ̀ mọ́, mo rẹ kànìnkànìn sínú omi ọṣẹ, mo nù ún lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo wo kànìnkànìn, "Hilversum" ló wà lójú rẹ̀, kò kù sí ibì kankan lára gíláàsì.

Ọ̀gá_Léèdì | Ọjọ́bọ̀, 6:30 alẹ́

Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ọ̀dà yẹn kì í fẹ́ omi. Iwájú nìkan là ń fọ̀. Ẹ̀yìn, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, ká fi lé eruku, ká fi í sílẹ̀.

Wàyí o, ohun tí wàá rà. Wáyà tuntun fún iná, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò ṣeé yí, fíúsì 3 A nínú rẹ̀, kì í ṣe 13 tó bá a wá. Fa láìfù gba orí súwíìsì, kí niútírà wà lára ṣáásì. Síbẹ̀, má fi ọkàn tán an: sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ nílùú yìí tí ẹni tó so wọ́n fi láìfù sí ibi niútírà. Tíráńsífọ́mà rẹ ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé.

Kàpásítọ̀ tí mo bẹ̀ ọ́ lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́sí, 10 nF tó lè gba 630 V. Pààrọ̀ gbogbo onídà náà nígbà tí o bá wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, má tú méjì pọ̀ kí o má baà gbàgbé ibi tí wáyà ti wá. Èyí tó dábùú ẹnu iná, X2 ni kí o rà, irú tí wọ́n ṣe fún iná ilé. Èyí tó wà láàárín ibi tí à ń ki wáyà ẹ̀ríà bọ̀ àti ṣáásì, irú tí wọ́n kọ Y sí lára ni, torí pé òun nìkan ló wà láàárín ọ àti iná nígbà tí o bá fọwọ́ kan wáyà ẹ̀ríà. Ní ti agolo 50 + 50, fi 47 µF méjì tó lè gba 450 V rọ́pò, fi wọ́n pamọ́ sábẹ́, kí agolo náà wà níbẹ̀ fún ojú ayé. Má fi èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sí i pé kó lè dún dáadáa, UY41, fáàfù tó ń sọ iná ilé di DC, kò ní agbára láti kún un.

Ọmọ_Ajílété | Ọjọ́bọ̀, 7:02 alẹ́

Ẹ̀yin sà, rédíò yìí ò ní gbé FM kankan. Tó bá ti tún un ṣe tán, ṣé kò lè so fóònù mọ́ ihò méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n yàwòrán àwo orin sí? Ká fi gbọ́ Ajílété FM lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àbẹ̀kẹ́_Mítà | Ọjọ́bọ̀, 7:10 alẹ́

Fún rédíò onítíráńsífọ́mà, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe é. Fún èyí, rárá. Ihò yẹn lè so mọ́ ṣáásì. Ẹ rò ó wò: fóònù lọ́wọ́ yín, okùn etí nínú etí yín, 220 lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá_Léèdì | Ọjọ́bọ̀, 8:15 alẹ́

Èyí tó kù ni gílóòbù. Wá gílóòbù oníwáyà àtijọ́, 100 W, kì í ṣe LED. Ọjà kò fẹ́ ẹ mọ́, àmọ́ àwọn tó ń sin òròmọdìyẹ ṣì ní in. So ó sí ojú ọ̀nà láìfù kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rédíò, kó jẹ́ pé inú gílóòbù niná ń gbà kọjá. Bí nǹkan bá kan ara wọn nínú rédíò, gílóòbù á tàn yòò, rédíò ò ní jóná. Bí gbogbo rẹ̀ bá dáa, á pọ́n wẹ́ẹ́ bí ojú ológbò, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí o tó tàn án, fi mítà wo okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ sọ, láti ẹsẹ̀ 1 dé ẹsẹ̀ 8 fáàfù kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá já, kò sí èyí tí yóò tàn.

Àdìsá_Òkèlérìn | Sátidé, 11:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ń sin adìyẹ, mo ti gba gílóòbù lọ́wọ́ wọn (wọ́n ní tí òròmọdìyẹ kan bá kú, èmi ni). Mo ti pààrọ̀ ohun gbogbo. Ibi tí mo ti dúró nìyí: fáàfù mẹ́rin ka dáadáa lórí mítà, UF41 kò ka nǹkan kan.

Ọ̀gá_Léèdì | Sátidé, 12:10 ọ̀sán

Yọ ọ́, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó dúdú?

Àdìsá_Òkèlérìn | Sátidé, 12:31 ọ̀sán

Ó dúdú sà. Mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ti ka!

Ọ̀gá_Léèdì | Sátidé, 12:35 ọ̀sán

Fáàfù ò kú, ẹsẹ̀ ló dọ̀tí. Nu ihò tó jókòó sí náà.

Bó o bá fẹ́ tàn án: bàtà rọ́bà, ilẹ̀ gbígbẹ, bọ́ aago àti òrùka. Ọwọ́ òsì sínú àpò, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kó ṣiṣẹ́, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà rẹ kọjá. Kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa iná. Tí o bá sì ti pa á, má fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ wéré, 47 µF yẹn ṣì gbé iná pamọ́. Fi rèsísítọ̀ 10 kΩ tú u sílẹ̀, má fi sikurudíráfà gbá a.

Kọ́kọ́ gbé mítà sórí fóòtì DC, ẹnu dúdú sí ṣáásì, ẹnu pupa sí gíríìdì UL41, fáàfù ńlá tí mo sọ, kí o so wọ́n kí iná tó wọ̀ ọ́. Òdo là ń wá, tàbí kó lọ sísàlẹ̀ òdo díẹ̀. Bó bá gòkè, pa á.

Àdìsá_Òkèlérìn | Sátidé, 9:48 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi.

Aago mẹ́jọ kọjá ni wọ́n tan iná fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ti súwíìsì, ìyá àgbà jókòó sórí àga wọn, wọ́n ní kí la tún ń fi ọwọ́ bọ àpò ṣe bí ọmọ kíláàsì. Mo tàn án. Gílóòbù adìyẹ pọ́n díẹ̀, ó tún rọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú-àáyá ogún, kò sí nǹkan kan. Mo tẹjú mọ́ fáàfù, mo rí ojú pupa kékeré kan nínú UL41, ìkejì tẹ̀lé e, gbogbo wọn. Gílóòbù tún mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i nígbà tí UY41 jí. Mítà: òdo. Mo ń wò ó, kò gòkè. Sípíkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin.

Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, mo pa á, mo fọwọ́ kan kàpásítọ̀ tuntun lẹ́yìn tí mo tú iná inú wọn sílẹ̀. Wọ́n tutù. Mo yọ gílóòbù, mo tún un tàn, inú tíráńsífọ́mà méjèèjì nìkan ló ń gbà.

Gbogbo ibi tí mo yí i sí, ariwo "sssss" ló kún ibẹ̀. Ṣájà fóònù àti gílóòbù LED gbogbo àdúgbò ló ń pariwo sínú rẹ̀ (kìkì ìgbà tí NẸ́PÀ bá múná lọ ló lè gbọ́rọ̀ dáadáa, ìgbà yẹn ni òun náà ò ní ríná jẹ). Mo gbé e sí ìgbì kúkúrú, mo fi wáyà ẹ̀ríà kọ́ ojú fèrèsé. Lójijì ọkùnrin kan ń sọ Faransé, ohùn rẹ̀ kì, ó dà bí ẹni tó wà nínú kọ́lọ́bọ̀.

Èmi ò gbọ́ Faransé, ìyá àgbà ò gbọ́. Mo fẹ́ yí i kúrò, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn sọ fún àwọn. Mo mú púlọ́ọ̀gì àtijọ́ wá, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ń yí i. Wọ́n ní: "Nítorí èyí la ò fi lọ síbi ìsìnkú Lámídì."

Ọ̀gá_Léèdì | Sátidé, 10:20 alẹ́

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí fún wa.

Ìkùn díẹ̀ yẹn, fi í sílẹ̀ bí kò bá bo ohùn mọ́lẹ̀. Àmọ́ kónóòbù ńkọ́? Oníke ni kí o fi síbẹ̀, kí sukúrúù rẹ̀ rì wọnú, kí o sì yọ́ ìda sí ojú ihò náà kí ìka má baà kan irin. Páálí ẹ̀yìn, dè é padà kí ọmọdé tó dé. Tíráńsífọ́mà kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ láé.

Mo_Ń_Ra_Ẹrù_Àtijọ́ | Sátidé, 10:31 alẹ́

40,000.

Àdìsá_Òkèlérìn | Àìkú, 7:15 àárọ̀

@Ọ̀gá_Léèdì, mo ti yọ́ ìda sí i sà. Ìda àbẹ́là ni, pupa, òun ló wà nílé. Inú yàrá ìyá àgbà ni rédíò náà wà báyìí, wọn ò jẹ́ ká gbé e sí pálọ̀. Gílóòbù ti padà sọ́dọ̀ adìyẹ.